Owó Ìdáwójọ àti Ìwé Ìtàn Ilẹ̀ Wa

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ fún yín bí mo ti máa ń ṣe. Ìtàn ogun àti ìtàn ọba la sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ìwé gan-an ni mo fẹ́ kọ: ta ló ń sanwó kí ìwé ìmọ̀ nípa ilẹ̀ wa tó jáde, ta ló sì ń láǹfààní láti kà á nígbà tó bá jáde tán? Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Ọ̀rọ̀ owó ni, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ti owó, ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í sùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì ló fà á. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ ka ìwé kan nípa ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò sí níbi tó ti ń ka ìwé. Ó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí i, àmọ́ ojú ewé díẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó rí. Ìyókù, àfi kó sanwó, dọ́là ni wọ́n sì fẹ́ gbà. Ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ná, ṣé dọ́là ni mo máa fi ra ìtàn àwọn bàbá ńlá mi?" Mi ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àlùfáà Samuel Johnson. Òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àwọn ológun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ ní ọdún 1886, nígbà tí wọ́n ń wá bí ogun Kírìjì yóò ṣe parí, tí Ògèdèǹgbé Agbógungbórò sì ń ṣáájú ogun tiwa. Ní ọdún 1897, Johnson parí ìwé ńlá tó kọ lórí ìtàn Yorùbá. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé nílùú Òyìnbó, nígbà tó yá, wọ́n ló sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni! Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ló sọnù. Johnson kú ní ọdún 1901, kò fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí òun náà fi ránṣẹ́ lásìkò ogun àgbáyé kìíní, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e mọ́ wọn lọ́wọ́, ọkọ̀ ọ̀hún sì gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ogún ọdún ti kọjá lórí ikú ẹni tó kọ ọ́.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ẹ̀kọ́ kan tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ìwé: ìwé tó bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, ọwọ́ ẹni yẹn náà ló ti lè sọnù. Ìwé Johnson ti pẹ́ débi pé òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ láti tẹ̀ ẹ́ tàbí láti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọdé tó wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lè kà á lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹ wo iye ọdún tó gbà.

Ní Iléṣà, àwọn àgbà kan kò dúró de àlejò kó wá kọ ìtàn wọn. Ní ọdún 1932, J. D. E. Abíọ́lá, J. A. Babáfẹ́mi àti S. O. S. Ataiyéró gbé Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Ọbòkun jáde. Ọwọ́ mẹ́ta ló kọ ọ́, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́, kí ará ilé lè kà á. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣùgbọ́n tí a lọ ka ìwé tiwa ní Òṣogbo máa ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wa tó ṣẹ́ kù sílé, àmọ́ láàárín ara wa, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní iyì wọn. Ìjọba kọ́ ló dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀. Ìlú ló dá a sílẹ̀.

Níbo ni owó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń wá láyé ìgbà náà? Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe òṣómàáló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á di aṣọ sẹ́rù, wọ́n á rin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n á ta á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀, kò burú. Owó tí wọ́n lóṣòó gbà yẹn náà ni wọ́n ń kó wálé. Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun. Ẹni tó dáwó ìbọn yẹn lè má fojú kan Ìmẹ̀sí-Ilé rí láyé rẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó dáwó fún ilé-ìwé kò ní ọmọ tó máa wọ ibẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí o, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé lórí. Èésú yàtọ̀, kànga àdúgbò yàtọ̀. Ẹni tó bá dá èésú mọ̀ pé yóò kàn án, yóò kó owó rẹ̀ délé. Ẹni tó bá dáwó gbẹ́ kànga mọ̀ pé àti ẹni tó dá àti ẹni tí kò dá ló máa pọn ún, títí kan àlejò tó ń kọjá lọ. Ilé-ìwé tí ìlú kọ́, kànga ni. Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé a lè fi ìwé náà ṣe kànga?

Òṣogbo ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ rí. (Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín; ṣebí Ìpólé tiwa náà ni Láròóyè ti gbéra kó tó tẹ ìlú yín dó.) Ní ọdún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ṣí tiwọn sí Òṣogbo, nínú ilé tí Dúró Ládiípọ̀ ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀. Ìgbò ló ni ọ̀rọ̀ náà Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i sí Yorùbá kíá, wọ́n pè é ní Mbari Mbáyọ̀, pé bí mo bá rí i, n bá yọ̀. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní ọdún 1963. Ẹgbẹ́ Mbari ti Ìbàdàn sì ń tẹ ìwé. Àwọn ló tẹ Heavensgate ti Christopher Okigbo ní 1962, àwọn ló tẹ eré J. P. Clark, ti Wọlé Ṣóyínká, àti ìwé Alex La Guma láti South Africa, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńláńlá kò tíì mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò sì wọ́n.

Ta ló ń sanwó? Ìrànlọ́wọ́ ńlá wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Paris tí wọ́n ń pè ní Congress for Cultural Freedom. Láàárín 1966 sí 1967 ni ọ̀rọ̀ tú síta pé àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, CIA, ló wà nídìí owó ẹgbẹ́ náà. Mi ò rí ohun tó jọ iṣẹ́ amí nínú ewì Okigbo, kí n sọ òtítọ́. Iṣẹ́ tí Mbari ṣe dára, ìwé wọn ṣì ń jẹ́ ìwé dòní. Ṣùgbọ́n bí àpò tó ń bọ́ ọ bá jìnnà sí ọ, o ò lè mọ ẹni tó so okùn mọ́ ọn, o ò sì lè mọ ọjọ́ tí wọ́n máa fa okùn náà pa. Ìtẹ̀wé Mbari kò pẹ́ tó fi dákẹ́.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e dùn díẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ ti wà, láíbìrì ń ra ìwé. Nígbà tó di 1986 tí SAP dé, tí náírà wó, ìyàn ìwé bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí láíbìrì tó jẹ́ pé ọdún tí SAP dé ni ìwé tuntun dáwọ́ dúró lórí pákó rẹ̀, bí aago tó kú. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ń kọ ìwé, òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, a sì ní láti fi owó òkè òkun rà á padà. Àgbàdo wa ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń ta ògì rẹ̀ fún wa.

Ní àárín gbogbo èyí ni Òyìnbó kan wọ ìtàn wa. Orúkọ rẹ̀ ni John Peel, J. D. Y. Peel lórí ìwé. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láàárín 1973 sí 1975, Iléṣà ló sì fi ṣe ilẹ̀ ìwádìí rẹ̀. Ó bá àgbà sọ̀rọ̀, ó wo ìwé ìjọba, ó ka Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Ọbòkun ti 1932. Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge gbé ìwé rẹ̀ jáde, Ijeshas and Nigerians. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Herskovits ní 1984. Òun àti Paulin Hountondji, ọmọ Benin, ni wọ́n jọ pín in. Kò sí ìwé mìíràn tó ṣàlàyé bí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣe di ara Nàìjíríà tó o: òṣómàáló wà níbẹ̀, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe wà níbẹ̀, ìjà òṣèlú wà níbẹ̀. Bóyá orúkọ bàbá ẹlòmíràn nínú yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé títà ni. Ẹni tí kò bá rà á, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì rà á, kò ní kà á. Ẹ̀yin ọmọ Òkukù, tiyín náà rí bẹ́ẹ̀: ìwé tí Karin Barber kọ lórí oríkì ìlú yín, I Could Speak Until Tomorrow, Edinburgh ló ti jáde ní 1991.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ìtàn Peel ṣe parí. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ìwé rẹ̀ ìkẹyìn, tó fi ẹ̀sìn Kírísítì, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá wé ara wọn, jáde ní 2016 láti ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì California. Christianity, Islam, and Orisa Religion ni wọ́n pè é. Kò sí àgádágodo lẹ́nu èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè gbà á sílẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, kò ní san kọ́bọ̀, àyàfi owó dátà. Àwọn Òyìnbó ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní open access. Luminos ni orúkọ ètò tí wọ́n fi ṣe é, ọdún 2015 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbé díẹ̀ nínú ìnáwó, ilé-ẹ̀kọ́ tí òǹkọ̀wé wà gbé díẹ̀, àwọn láíbìrì tó wọ ẹgbẹ́ náà dáwó sí i.

Ẹnìkan náà, ìwé méjì lórí ilẹ̀ kan náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan, wọ́n ṣí èkejì sílẹ̀. Ohun tó fà á kò ju bí wọ́n ṣe san owó ìwé méjèèjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìmọ̀ kì í yọ bí àkàrà ti ń yọ nínú epo. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tàbí mẹ́ta á kọ́kọ́ kà á, wọ́n á sọ bóyá ó yẹ. Ẹnìkan á tún àṣìkọ ṣe. Ẹnìkan á tò ó sójú ewé. Ẹnìkan á ṣe atọ́ka sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan á sì tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó má baà sọnù bíi ti Johnson. Gbogbo wọn ló máa jẹun. Bí wọ́n ti ń ṣe é látijọ́, ẹni tó ń ra ìwé ló ń dá owó yìí padà. Ìwé ìmọ̀ kì í sì í tà púpọ̀, nítorí náà wọ́n á gbówó lé e, kí ìwọ̀nba láíbìrì tó bá rà á lè gbé gbogbo ẹrù. Láíbìrì Amẹ́ríkà lè rà á. Ti Iléṣà ń kọ́? Ọ̀nà kejì ni pé kí àwọn láíbìrì, tí wọ́n máa náwó náà tẹ́lẹ̀, dá a jọ ṣáájú, kí wọ́n san ìnáwó ìwé náà kó tó jáde. Bó bá ti jáde, kò sí ẹni tí wọ́n tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Kànga tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tó ti ta ìwé rí, bi mí pé bí ìwé bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni òǹkọ̀wé máa jẹ. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ tàbí ewì, títà ìwé ni oúnjẹ rẹ̀, mi ò ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n yàtọ̀. Owó oṣù ló ń jẹ, kíka ìwé rẹ̀ ló sì ń gbé e ga. Iye tó ń rí lórí ìwé ìmọ̀ kì í tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni fífi ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní kí wọ́n má tẹ èyí tí wọ́n ń tà. Open Book Publishers, tí àwọn ọ̀mọ̀wé dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 2008, ń ṣe méjèèjì pọ̀: kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tàbí kí o san owó kí wọ́n fi oníwèé gidi ránṣẹ́ sí ọ.

Àwọn ló ṣe ọ̀kan tó kàn wá. Ruth Finnegan, tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn láàárín 1965 sí 1969, kọ Oral Literature in Africa, tó jáde ní Oxford ní 1970. Ìjálá wà níbẹ̀, ẹsẹ Ifá wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé náà kò sí lórí àtẹ mọ́. Ní ọdún 2012, àwọn kan ṣètò ìdáwójọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Unglue.it: 7,500 dọ́là ni wọ́n ń wá kí wọ́n lè tún un tẹ̀, kó sì di ti gbogbo ayé. Ó ju igba ènìyàn tó dáwó sí i, níwọ̀nba níwọ̀nba, láti onírúurú ilẹ̀, owó náà pé. Wọ́n kò mọ ara wọn. Ẹ pín 7,500 fún igba kí ẹ wo iye tó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Aṣọ ẹgbẹ́ tí a dá fún àpéjọ yìí lè má jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ tún ní ibi tó ti korò, mi ò sì fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Ọdún 2012 náà ni Frances Pinter dá Knowledge Unlatched sílẹ̀ ní ìlú Òyìnbó. Ètò rẹ̀ gún régé. Ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́, láíbìrì bíi 300 láti orílẹ̀-èdè 24 dáwó jọ, wọ́n ṣí ìwé 28 sílẹ̀ fún aráyé ní 2014. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di 2016, ètò náà bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2021, Wiley, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ìwé tó tóbi jù láyé, rà á. Àwọn ìwé tí wọ́n ti ṣí kò tì padà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ètò tí àwọn láíbìrì fi owó wọn gbé dúró ti di ọjà, wọ́n kò sì bèèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó tà á.

Àwa mọ irú ẹ̀. Láàárín 1970 sí 1979, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé tí ìlú àti ìjọ kọ́. Mi ò ní ká tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn bóyá ó dára tàbí kò dára, nítorí a máa ń jà á ní gbogbo ìpàdé, a kì í sì í parí rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn àgbà wa mọ bí a ti ń dáwó, wọ́n mọ bí a ti ń kọ́lé, ṣùgbọ́n kò sí ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́ wọn tó lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba nǹkan yìí lọ́wọ́ àwọn tó dáwó rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n tuntun wà nìyẹn. Láti ọdún 2019, àwọn yunifásítì, àwọn láíbìrì àti àwọn atẹ̀wé kéékèèké ní ìlú Òyìnbó àti níbòmíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní COPIM. Open Book Collective jáde láti inú rẹ̀ ní 2022. Ẹgbẹ́ àánú ni wọ́n fi ṣe lábẹ́ òfin, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn lè rà. Láíbìrì tó bá dáwó sí i, àti atẹ̀wé tó ń jẹ níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń jókòó ṣe àkóso rẹ̀. Apá kan nínú owó náà ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ láti ran àwọn atẹ̀wé tí kò tíì dúró dáadáa lọ́wọ́. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Wọn kò gbọ́ òwe yìí rí, wọ́n kàn ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti ìṣáájú ni.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà kò káwọ́ gbera. Àwọn atẹ̀wé wa ló dá African Books Collective sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ọjà ní Oxford ní 1990, kí ìwé tí a tẹ̀ nílé lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ní Dakar, CODESRIA, tó ti wà láti 1973, ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ láti 2006, olú ilé rẹ̀ wà l'Óṣogbo. Láti 2022 ni Iléṣà náà ti ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ló máa kọ ìtàn wa tó kù. Ohun tí wọ́n bá rí kà ni wọ́n máa kọ́lé lé.

Nítorí náà, mo gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú ẹgbẹ́, kó tó di pé àwọn olóyè wa jókòó lórí ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. A ti kun yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a ti gbẹ́ kànga, a ti ra ẹ̀rọ amúnáwá tí kò ṣiṣẹ́ ju ọdún méjì lọ. Kí a mú ìwé kan ṣoṣo, Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Ọbòkun ti 1932, kí a fi ẹ̀rọ ya gbogbo ojú ewé rẹ̀, kí a tún un tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a fi atọ́ka sí i, kí a sì gbé e sí ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á, ní orúkọ àwọn mẹ́ta tó kọ ọ́. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní láíbìrì yunifásítì méjèèjì, kó tún wà ní Ifẹ̀ àti l'Íbàdàn, kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Kí ìwé àdéhùn sì wà láti ọjọ́ kìíní, pé ẹgbẹ́ kò ní tà á, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbé owó lé kíkà rẹ̀.

Òfin wà níbẹ̀ o. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ìwé ń bá a lọ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ kọ ìwé kan, ti ẹni tó kú kẹ́yìn ni wọ́n máa kà. A ní láti lọ bá àwọn ẹbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú obì lọ́wọ́, kí a tọrọ àṣẹ, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo ti bá agbẹjọ́rò wa sọ̀rọ̀, ó ní òun á kọ ìwé náà láìgbowó, mo sì kọ ọ́ síbí kó má baà yí ohùn padà.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá ńlá yín jẹ́ tísà, kátíkíìsì tàbí akọ̀wé láyé ìgbà yẹn, ẹ lọ wo inú àpótí wọn, lábẹ́ Bíbélì àti ìwé orin. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà ìwé náà, ì báà ti já lẹ́yìn, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o, ẹ má sì ṣe yọ ojú ewé kankan. Ẹ dì í sínú bébà funfun, kí ẹ gbé e wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. A óò kọ orúkọ yín sílẹ̀, a óò yà á lójú yín, a óò sì dá a padà fún yín kílẹ̀ tó ṣú.